Àpòpọ̀ Ìyá Ọkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Bámikẹ́ Rájí máa ń tètè dárí jini, irọ́ ló pa. Ọmọbìnrin náà lè fẹ́ràn ènìyàn débi pé kò ní rí oorun sùn, ṣùgbọ́n bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, kò ní pariwo. Á gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, á sàba lé e bí adìyẹ, títí ọjọ́ tí yóò fi pa.

Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ dé kó tó kan ẹ̀san. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọládélé tó ń kun ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbà gbé fáànù tó jóná wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múyìwá ní Òkòkómaikò, níbi tí Bámikẹ́ ti ń wé wáyà fáànù àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ọkùnrin tí yóò gbé fáànù náà fún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá dà?"

"Ọ̀gá lọ jẹun. Gbé e wá."

"Ṣé ìwọ lo máa tún un ṣe?"

"Rárá o, màá gbàdúrà sí i ni," Bámikẹ́ fèsì láìgbójú sókè.

Délé bú sẹ́rìn-ín. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, fáànù kò tíì ṣe tán. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé òmíràn dání. Bámikẹ́ tú u, ó wò ó dáadáa, ó sì gbé wáyà tó já náà sí i lójú.

"Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Délé dáhùn. "Kí ni kí n ṣe? Kò sí fáànù mìíràn tó bàjẹ́ nílé."

Ọjọ́ yẹn ni ọkàn Bámikẹ́ ṣubú sínú ìfẹ́, kò sì dìde mọ́. Ọ̀gá Múyìwá rí i. Bàbá Bámikẹ́ ti kú, ìyá rẹ̀ wà ní Ìfọ̀, nítorí náà ọ̀gá rẹ̀ ló di baba, òun náà ló tún di alárinà. Ó wọ agbádá, ó forí lé Àjàǹgbàdì lọ́dọ̀ ìyá Délé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kẹ́mísítì nítorí ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀, tí ìjọ sì ń pè ní Màmá Díkónẹ́ẹ̀sì.

Màmá kò jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Obìnrin tó ń fi iná jó òjé mọ́ wáyà? Ọwọ́ tó dúdú bí ti mẹkáníìkì, ṣé òun ló máa fi wẹ ọmọ-ọmọ mi?"

"Mà, ọṣẹ wà lọ́jà," Ọ̀gá Múyìwá sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà ni Màmá ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá sí ìjọ òun, pé ìjọ ló máa sọ bóyá ó yẹ. Ohun tó ń sọ yé gbogbo ènìyàn. Òfin kan wà nínú ìjọ Pásítọ̀ Isaac: bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so tọkọtaya pọ̀, díkónẹ́ẹ̀sì kan yóò sin ìyàwó lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí oyún bá wà, kò sí ìgbéyàwó nínú ilé Olúwa, orúkọ wọn yóò sì kúrò lára pátákó ìkéde ìgbéyàwó.

Ká má parọ́, Bámikẹ́ àti Délé kò dúró de ìjọ. Ọmọbìnrin náà kò sì gọ̀. Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Àríkẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbà, nọ́ọ̀sì sì fún un ní oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí, èyí tí à ń lò lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ní aago méje, Délé á pè é lórí fóònù.

"Ṣé o ti lò ó?"

"Mo ti lò ó. Lọ kun ọkọ̀ ẹ."

Ó pé ọdún kan tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tó fò.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ọyẹ́ mú gan-an, èéfín òjé sì wọ Bámikẹ́ láyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń húkọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan tó lọ kí ìyá Délé, ikọ́ náà kò jẹ́ kó parí ìkíni. Màmá wò ó, ó dìde, ó bọ́ sẹ́yìn káńtà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, àpòpọ̀. Á ṣí ìgò yìí, á mú díẹ̀. Á ṣí páálí yẹn, á tún mú díẹ̀. Funfun, yẹ́lò, pupa, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú ọ̀rá kan láìsí orúkọ, láìsí ìwé. Bí o bá béèrè orúkọ wọn, á ní, "Ṣé orúkọ lo fẹ́ gbé mì ni?"

"Gbà," Màmá wí. "Láàárọ̀ àti lálẹ́, fún oṣù kan gbáko. Má sanwó."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Bámikẹ́. Láti ọdún kan ó lé, ọ̀rọ̀ dídùn àkọ́kọ́ tí obìnrin yìí máa sọ sí i nìyẹn. Ta ló máa gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kó tún máa béèrè ìbéèrè? Àti pé kí ló fẹ́ bi í? Ṣé kó ní, "Màmá, ṣé kò ní bá oògùn tí mò ń lò nítorí ọmọ yín jà?" Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi Fáńtà. Ó pe Màmá. Màmá ní àìsàn ló ń jáde yẹn, kó máa lò ó lọ. Ó sì ń lò ó. Ikọ́ náà lọ lóòótọ́.

Ìparí oṣù kẹta, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó wọn, ni àyẹ̀wò. Díkónẹ́ẹ̀sì tí yóò sin ìyàwó lọ, Màmá fúnra rẹ̀ ni. Òun ló gba ìwé èsì, òun ló kà á, òun náà ló sì gbé e síwájú Pásítọ̀ Isaac ní ọ́fíìsì ìjọ, níbi tí Délé àti Ọ̀gá Múyìwá ti ń dúró.

"Oyún wà," ni Màmá sọ.

Bámikẹ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó yíjú sí Délé. Gbolóhùn kan péré ló nílò lẹ́nu ọkùnrin yìí. Kó sáà ti sọ pé, "Èmi ni mo ni ín." Kí ìtìjú dé, kí orúkọ wọn kúrò lára pátákó, kí wọ́n lọ fẹ́ra wọn ní kọ́ọ̀tù, gbogbo rẹ̀ á tán.

Délé la ẹnu. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣùgbọ́n… ò ń lo oògùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè ọ́."

"Oògùn?" Màmá ké. "Ó ń lo oògùn? Há! Oyún yìí kì í ṣe ti ọmọ mi nìyẹn! Oyún tó kọjá lára oògùn, ìta ló ti wá. Pásítọ̀, aṣẹ́wó ni wọ́n fẹ́ fà lé mi lọ́wọ́!"

Ẹ wo ọgbọ́n yẹn ná. Bí ẹni pé oògùn náà máa ń yọjú wo ọkùnrin tó wọlé kó tó mọ̀ bóyá òun máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti ń ta oògùn láti ogún ọdún ló sì ń sọ ọ́.

"Délé," Bámikẹ́ pè é. "Délé, wò mí."

Délé ò wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀gá Múyìwá ló fà á dìde. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni ẹnì kan ti ń yọ orúkọ wọn lára pátákó. Bámikẹ́ kò sunkún ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ohun tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ òun ló ṣe àṣìṣe. Ṣé ó gbàgbé àárọ̀ kan ni? Ṣé ó bì í láìmọ̀? Ó ka ike oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó délé. Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù tí kò yẹ kó ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ kẹta ló lọ sí Ìbà. Nọ́ọ̀sì Àríkẹ́, obìnrin tó sanra tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, jẹ́ kó rojọ́ tán.

"Ǹjẹ́ o lo oògùn mìíràn láàárín ìgbà yẹn?"

"Ti ikọ́ nìkan, mà."

"Ta ló kọ ọ́ fún ọ?"

Bámikẹ́ yọ ọ̀rá náà nínú báàgì. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tú u sórí tábìlì, ó ń fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tó kan kápúsù pupa, ó gbé e sókè, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ṣé ìtọ̀ rẹ yí àwọ̀ padà?"

"Bíi Fáńtà, mà."

"Rifámpísìn nìyí. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọn kì í tà á bí ẹ̀pà. Ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ni wọ́n ń fún, pẹ̀lú àwọn oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa o. Gbogbo àńtíbáótíìkì kọ́ ló ń ba oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí jẹ́. Àwọn tí gbogbo ayé ń lò fún ọ̀nà ọ̀fun àti egbò, wọn kì í sábà ṣe é ní nǹkan, àfi bí wọ́n bá mú ọ bì tàbí tí o ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ rẹ sáré, á sì fọ́ oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí dànù kó tó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Kódà bí o bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó tó oṣù kan kó tó kúrò. Ká ní o wá sọ fún mi ni, ǹ bá ti fún ọ ní ọ̀nà mìíràn."

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ."

"Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ń fi èyí pamọ́ fún ẹni tó ń fún yín ní tọ̀hún." Nọ́ọ̀sì fa gègé. "Ta ló fún ọ?"

Bámikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi gbé omi fún un.

"Ìyá ọkọ mi ni, mà. Ẹ bá mi kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ kó hàn kedere."

Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nígbà tí Ọ̀gá Múyìwá rí ìwé náà, ó ti ń wá fìlà rẹ̀ kiri.

"Ó yá, ká lọ sí Àjàǹgbàdì báyìí!"

"Rárá, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

"Bámikẹ́, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọ̀gá. Èyí, màá bá a ṣe é."

Oṣù kẹrin kọjá, oṣù karùn-ún dé. Inú rẹ̀ ń yọ. Ní ìjọ, Màmá ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Ọlọ́run gba ọmọ òun lọ́wọ́ ejò. Délé máa ń wá dúró ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, á ṣe bí ẹni tó ń ra káàdì. Bí Bámikẹ́ bá rí i, wáyà á já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ẹ má rò pé ìfẹ́ ti kú. Ó wà níbẹ̀, ó ń ta á bí egbò tí omi kàn.

Lọ́jọ́ kan, Délé kọjá títì, ó wọlé.

"Bámikẹ́, mi ò lè jẹun. Sọ òótọ́ fún mi. Màá gba ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé…"

"Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí ni?"

Délé tún wolẹ̀. Ìwé Nọ́ọ̀sì Àríkẹ́ wà nínú báàgì tó so kọ́ lẹ́yìn Bámikẹ́. Bí Bámikẹ́ bá na ọwọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó rò ó, ọkàn rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó na ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" yẹn ti wọ̀ ọ́ lára.

"Máa lọ, Délé. Òjé ń gbóná níbí."

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù keje jẹ́ ọjọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, Bámikẹ́ jáde pẹ̀lú oyún rẹ̀ níwájú. Màmá ti fa ojú ro, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i kó tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ikọ́ ló yọ mí lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Màmá Díkónẹ́ẹ̀sì ló fi ọwọ́ ara wọn po oògùn fún mi. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo sì rí i pé èmi tó gba ẹ̀bùn yẹn, mi ò tíì dúpẹ́ rẹ̀ níwájú ìjọ." Ó gbé ọ̀rá náà sókè. "Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fún mi ni?"

Ìyìn dùn mọ́ Màmá ju oyin lọ. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ náà bá wá. Ó dìde, ó tún gèlè ṣe, ó gba ẹ̀rọ náà.

"Èmi ni! Èmi kì í fi oògùn du ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń húkọ́, ẹ wá sí Àjàǹgbàdì. Pupa tí ẹ ń wò yẹn ni àṣírí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi í sí àpòpọ̀ mi, kò sí ikọ́ tó lè dúró níwájú ẹ̀."

"Oṣù wo lẹ fún mi, mà?"

"Oṣù kìn-ín-ní, nígbà ọyẹ́. Oṣù kan gbáko ni mo pò fún ọ."

"Ẹ ṣé, mà. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọ gbọ́ nìyẹn."

Bámikẹ́ wá gba ẹ̀rọ náà padà, ó yọ ìwé Nọ́ọ̀sì Àríkẹ́, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò yára, kò gbé ohùn sókè. Ó ka orúkọ kápúsù pupa náà, ó ka àìsàn tí wọ́n ṣe é fún, ó ka ohun tó ń ṣe fún oògùn ìfètòsọ́mọ́bíbí. Ó ká ìwé náà pọ̀.

"Màmá ní ìta ni oyún mi ti wá. Ṣọ́ọ̀bù Màmá ló ti wá. Ọmọ wọn ló fún mi lóyún, àwọn fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn fún un."

Kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun sọ, ìyàwó Pásítọ̀ Isaac dìde ní ìjókòó iwájú. Ó gbé ọmọbìnrin oṣù mẹ́jọ kan lọ́wọ́, Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ karùn-ún wọn, ọmọ tí Pásítọ̀ ti fi wàásù lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò retí ni.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù, "àpòpọ̀ tí ẹ fún mi nígbà tí mò ń húkọ́ lọ́dún tó kọjá, ṣé pupa yẹn wà nínú ẹ̀?"

Pásítọ̀ yíjú sí i kíákíá. "Ìyàwó mi, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Obìnrin náà wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Màmá, ó sì jókòó. Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, ariwo tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́ta, mẹ́rin ti ń dìde, wọ́n ń bi Màmá ní ìbéèrè kan náà. Màmá na ọwọ́ fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnì kankan kò gbé e fún un mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn obìnrin ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ títa oògùn wá, wọ́n kó páálí rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n gba oyè díkónẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀san dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bámikẹ́ kọ́kọ́ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ láti oṣù kẹta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ nílé Ọ̀gá Múyìwá ní Ìbà. Pásítọ̀ wá, Délé wá, Màmá sì wá pẹ̀lú ìborùn tó fà dé ojú. Kò dúró kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí ní àbíkẹ́yìn.

"Bámikẹ́, mo jẹ̀bi. Mi ò mọ ohun tí mò ń tà. Má bínú."

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ á sáré gbé e dìde. Bámikẹ́ ní ẹ̀kọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó, ó ń wò ó, títí Ọ̀gá Múyìwá fi ní, "Bámikẹ́! Ó tó."

"Ẹ dìde, mà. Mo ti dárí jì yín. Látọkànwá ni."

Òótọ́ ló sọ. Délé rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Nígbà tí àwọn àgbà ń mu omi, ó tẹ̀ lé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, Ọlọ́run a bù kún ọ. Pásítọ̀ ní a lè dá ọjọ́ tuntun. Ká ṣe é kó o tó bímọ."

"Ọjọ́ kí ni?"

"Ìgbéyàwó wa. Ṣebí o ti dárí jì wá."

"Màmá rẹ ni mo dárí jì."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Bámikẹ́, kí ni mo ṣe tó tó ti màámi? Àwọn ló fún ọ ní oògùn. Àwọn ló pè ọ́ ní aṣẹ́wó."

"Màmá rẹ ò mọ̀ mí, Délé. Ọwọ́ dúdú ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò mọni, bó bá sọ ìsọkúsọ, a lè dárí jì í. Ìwọ mọ̀ mí. O mọ̀ mí ju ìyá tó bí mi lọ, o sì wolẹ̀."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó máa dùn ọ́."

Délé béèrè, bí ọmọdé, bóyá òun kò ní rí ọmọ òun ni.

"Wàá rí i. Bàbá ọmọ ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wàá wá, wàá sọ ọ́ ní orúkọ níwájú gbogbo ènìyàn, wàá sọ pé ìwọ lo ni ín. Wàá jẹun. Lẹ́yìn náà, wàá padà sílé ìyá rẹ."

Ó dúró títí ọkọ̀ wọn fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún débi pé Ọ̀gá Múyìwá jáde wá wò ó, ó sì tún padà wọlé. Fóònù wà lọ́wọ́ Bámikẹ́. Kò pe Délé padà.